Ariwo lẹ ń gbọ́, eré kọ́: Àṣírí páìpù èéfín ọ̀kadà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sá kúrò ní Jámánì

Kò sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ ariwo yìí. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, iná ti lọ, àwọn ọmọdé ti sùn, àfi gbàù tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ojú títì kọjá lórí ọ̀kadà, tí ohun tó ń bú jáde lẹ́yìn ẹ̀ á jẹ́ kéèyàn rò pé bàálù fẹ́ já lé òrùlé. Ajá á gbó, ọmọ á jí, ìyá ọmọ á ṣépè. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lé ọmọkùnrin náà bá, tẹ́ ẹ wo ohun tó ń gùn dáadáa, ẹ máa rí i pé Bajaj Boxer 100 lásán ni, irú èyí tí ìyá oníṣu ń dá dúró lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju bíi horsepower 8 lọ. Kò sóhun tó yí padà lára ẹ̀ ju pé ẹni tó ni ín ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ó sì ti ní kí wọ́n gé sàláńsà ẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù.

Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́ láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin: ó ń jẹ́ kó sá dáadáa. Wọ́n ní sàláńsà tí iléeṣẹ́ ṣe sí i ló há a lọ́fun, pé tí wọ́n bá ti là á, ẹ́ńjìnnì á mí, eré á dé. Àwọn tó ń sọ ọ́ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ o, òun ni ò jẹ́ kí irọ́ tó kù kú. Ayé ọ̀kadà oní-two-stroke lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Suzuki AX100 àti Jincheng tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, tí wọ́n gba ìgboro kan láwọn ọdún 1990 wọ 2000. Ẹni tó bá gùn wọ́n rí ò lè gbàgbé èéfín búlúù tó máa ń yọ lẹ́yìn wọn. Ọ́ìlì ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń mu pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, ọ́ìlì ọ̀hún kì í sì í jó tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á bá èéfín wọnú sàláńsà, á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á gan, á di èérí dúdú tó le bí èédú. Ọlọ́kadà tó bá wá ń da ọ́ìlì sí i ju bó ṣe yẹ lọ, tó rò pé òun ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dí. Ihò tí èéfín ń gbà jáde á kéré títí, ẹ́ńjìnnì ò ní lè mí mọ́. Òkè Mọ́kọ́lá tó ń gùn fẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú èrò méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní ìdajì ọ̀nà, èrò kan á sì bọ́ sílẹ̀.

Irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, tí tọ̀hún á fi irin gígùn lu inú sàláńsà ní àlùjá, tàbí kó kúkú gé ìdí ẹ̀ sọnù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀kadà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá bí ẹṣin. Ẹni tó ni ín á yọ̀, á ròyìn fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì, àwọn náà á gbé tiwọn wá. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe gígé tí wọ́n gé e ló jẹ́ kó sá, èérí tí wọ́n bá a kó kúrò ni. Páìpù kékeré kan wà nínú ìdí sàláńsà yẹn tó ṣeé fà yọ. Ká ní wọ́n fà á yọ, kí wọ́n sun ún níná títí èérí ẹ̀ á fi jó, kí wọ́n ha á, kí wọ́n dá a padà sáyè ẹ̀, ọ̀kadà á sá bó ṣe ń sá nígbà tó wà ní tuntun, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ariwo kankan. Àwọn àgbà mẹ́káníìkì mọ èyí. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni sísun àti híha, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni gígé.

Two-stroke gan-an lẹni tó bá gbọ́n ò gbọdọ̀ gé páìpù ẹ̀, torí ara ẹ́ńjìnnì ni páìpù yẹn, kì í ṣe gọ́tà tí ìdọ̀tí ń gbà kọjá lásán. Two-stroke ò ní fáàfù bíi Boxer. Ihò ló wà lára sílíńdà, pístìnì tó ń lọ sókè sódò ló ń ṣí wọn, òun náà ló ń pa wọ́n dé. Ibi tọ́rọ̀ ti wá dójú ẹ̀ ni pé nígbà tí ihò tí èéfín ń gbà jáde bá ṣí sílẹ̀, ihò tí epo tuntun ń gbà wọlé náà máa ń ṣí. Bí èéfín ṣe ń jáde lọ níwájú, epo tí ò tí ì jó á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Owó tẹ́ ẹ fi ra epo ló ń bá ojú ihò jáde yẹn.

Páìpù ló ń gbani níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, agbára ìró yẹn á sáré wọnú páìpù bí ìgbì omi. Nínú èéfín gbígbóná, ìgbì yìí ń sá tó nǹkan bíi 500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá dé ibi tí páìpù ti ń fẹ̀ sí i, bí ẹnu àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú jálá, apá kan á padà sẹ́yìn, á sì máa fa nǹkan bí ẹni ń fi ẹnu fami: á fa èéfín tó ṣẹ́ kù nínú sílíńdà jáde, á bá epo tuntun ṣílẹ̀kùn. Ìgbì tó kù á tẹ̀ síwájú, á bá ibi tí páìpù tún ti ń sún kì, bí ìgbà tí wọ́n dojú àrọ kejì kọ ti àkọ́kọ́. Níbẹ̀, á gbá nǹkan, á ta padà tagbára tagbára, á pàdé epo tuntun tó ti ń sá jáde, á sì tì í padà sínú sílíńdà kí pístìnì tó ti ihò pa. Àrọ méjì tó dojú kọra, ikùn láàárín, ihò tín-ín-rín nídìí: bí páìpù two-stroke tí wọ́n fi ń sáré ìje ṣe rí nìyẹn. Ti AX100 kì í ṣe ti eré ìje, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí ò gbà tó ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ihò èéfín ẹ̀ sì ń wà ní ṣíṣí fún ìdajì gbogbo ìyípo, páìpù tó máa bá a mu gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà kan láti ẹnu ihò dé àrọ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí agbára tètè yọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tí ì sáré púpọ̀, á jẹ́ kí páìpù gùn sí i. Ẹni tó jẹ́ eré àsápajúdé ló ń wá, á gé e kúrú. Kò sẹ́ni tó lè rí méjèèjì gbà pọ̀. Ohun tó bá jèrè nígbà tó bá ń sáré, ó máa san án padà nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì àti àpò gàrí, tó fẹ́ gun òkè láti ìdúró, kí ló fẹ́ fi páìpù eléré-ìje ṣe?

Ọ̀rọ̀ àrọ méjì yìí tó nǹkan o, torí ó tú ilé ká, ó sì sọ àwọn èèyàn di ìsáǹsá. Suzuki tó ń ṣe AX100 yìí kan náà, bí wọ́n ṣe mọ páìpù eré ìje ṣe, ìtàn tó yẹ fún sinimá ni.

Ọmọ Jámánì kan ló wà tó ń jẹ́ Walter Kaaden. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ní Peenemünde, níbi tí ìjọba Hitler ti ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àti àdó olóró tó ń fò. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n pín Jámánì sí méjì, apá ìlà oòrùn tó bọ́ sábẹ́ Rọ́ṣíà ni Kaaden wà. Lọ́dún 1953, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka eré ìje ní iléeṣẹ́ alùpùpù tó wà nílùú Zschopau, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí MZ. Owó ò sí lọ́wọ́ wọn, irinṣẹ́ wọn ò tó, àwọn tí wọ́n sì ń bá figagbága ń náwó bí ẹlẹ́dà. Kaaden fi ọpọlọ dípò owó. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan páìpù oníkùn, àwọn Jámánì mìíràn ti ń dán irú ẹ̀ wò ṣáájú, ṣùgbọ́n òun ló jókòó tì í bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó gbé ẹ̀rọ oscilloscope, tó ń ya àwòrán ìgbì sójú gíláàsì bíi tẹlifíṣàn, ó fi ń wo ohun tó ń lọ nínú páìpù. Ó ń gé, ó ń jó o pọ̀, ó tún ń gé. Nígbà tó fi di 1961, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tí ò ju 125cc lọ ti ń mú horsepower 25 jáde. Boxer òde òní, 8. Ti Kaaden, tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, 25, láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn!

Ẹni tó ń gun alùpùpù náà fún un ni Ernst Degner, ògbóǹtarìgì eléré, tóun náà sì mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dénú. Lọ́dún 1961 yẹn, ife àgbáyé ti 125cc ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ti kúrò nílé. Gbogbo ìgbà tó bá lọ díje lókè òkun, ó ń rí bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń jẹ ayé, ó sì mọ ohun tóun ń bá padà nílé. Àwọn ará Suzuki náà wà nítòsí, ojú ń tì wọ́n, torí alùpùpù tí wọ́n gbé wá sí Isle of Man ò lè bá ọmọdé sáré. Ẹni méjì tí ebi oríṣiríṣi ń pa ló pàdé yẹn. Wọ́n fikùn lukùn: kó máa bọ̀, kó mú àṣírí dání, owó ń bẹ ńlẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba East Germany mọ odi gba àárín ìlú Berlin, kó má baà sẹ́ni tó máa lè sá lọ mọ́. Ìyàwó Degner àti àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ méjì wà nínú ilé. Báwo ni wọ́n ṣe máa jáde? Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ sọ pé ibi ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n ṣe sí búùtù mọ́tò ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì lo oògùn oorun fáwọn ọmọ kí wọ́n má baà ké níbodè. Ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, 1961, ìdíje ń lọ ní Kristianstad lórílẹ̀-èdè Sweden, ẹ́ńjìnnì Degner dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ìje. Àwọn ará MZ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti máa lọ sílé, wọn ò rí Degner mọ́. Ó ti gba Denmark kọjá sí West Germany lọ bá ìyàwó àti ọmọ. Ife àgbáyé bọ́ sọ́wọ́ Tom Phillis tó ń gun Honda.

Kí ọdún tó parí, Degner ti wà ní Hamamatsu ní Japan, lọ́dọ̀ Suzuki. Wọ́n ní kì í ṣe ohun tó wà lórí ẹ̀ nìkan ló gbé lọ, pé ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àti ìwé àwòrán wà nínú àpótí ẹ̀. Bó ṣe jẹ́, Suzuki tí ò lè sáré lọ́dún 1961, lọ́dún 1962 ló gba ife àgbáyé ti 50cc, Degner ló sì gùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì two-stroke máa gba ife àgbáyé. Látìgbà náà ni àwọn ará Japan ti gba two-stroke mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́.

Degner ò gbádùn ẹ̀ pẹ́ títí. Ní Suzuka lọ́dún 1963, alùpùpù gbiná mọ́ ọn lára, iná jó o lójú gan-an, ìrora ọjọ́ náà ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ọdún 1983 ló kú ní erékùṣù Tenerife. Àwọn kan ní àwọn aṣọ́dẹlẹ̀ East Germany ló lọ pa á, àwọn mìíràn ní oògùn tó ń lò ni, àhesọ ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá. Kọ́nà kan wà ní pápá ìje Suzuka tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè títí dòní. Kaaden tó ṣe iṣẹ́, ìdí MZ náà ló dúró sí, kò lówó, kò sá lọ, ó sì kú lọ́dún 1996. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ tan ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílùú ni wẹ́dà ń fi ayùn gé sọnù nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Ọ̀rọ̀ Boxer àti TVS tó gbòde báyìí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí four-stroke ni wọ́n, wọ́n ní fáàfù, epo tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ sá bá èéfín lọ. Síbẹ̀, gígé ò sàn wọ́n. Ìwọ̀n epo tí kábúrétọ̀ ń dà, bí sàláńsà ṣe wà gan-an ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n ní iléeṣẹ́. Tí wọ́n bá wá là á, atẹ́gùn á pọ̀ sí i, epo ò ní pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì á wá máa jó gbẹrẹfu, á máa gbóná kọjá ààlà. Àmì ẹ̀ ò farasin. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò: èyí tó dáa máa ń ní àwọ̀ bí ara ẹ̀pà yíyan, èyí tó ń jó gbẹrẹfu á funfun bí ẹfun. Ọrùn páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà sí búlúù. Tí wọ́n bá sì dẹwọ́ lórí ìrọ, á máa dún tátátá nídìí páìpù bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan àgbàdo. Ìyẹn gan-an wá làwọn ọmọ òde òní fẹ́ràn! Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ti kọ́kọ́rọ́ pa kí wọ́n tún ṣí i lórí eré, kí epo tó ti kóra jọ sínú páìpù lè bú gbàmù. Ẹ̀ ń rí wọn nígbà ìpolongo ìbò, ẹ̀ ń rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń sin ọ̀kan nínú wọn. Sàláńsà tó bú fàyà nípa irú eré yìí ò lóǹkà.

Agbára tó ń fi gbéra nílẹ̀ náà á dín kù. Ẹni tó ń gùn ún ò ní mọ̀, torí etí ń tan ara jẹ: ohun tó bá pariwo, ó máa ń dà bíi pé ó ń sáré. Kò sóhun tó máa ṣe ju pé á máa lọ́ ìrọ ọwọ́ sí i lọ. Epo ló sì ń mu yẹn. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí jálá kan ò tó 200 náírà, ó ṣeé fara dà. Nígbà tó fi di ìparí 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà.

Àwọn olówó tó ń gun power bike lọ́jọ́ Sunday mọ̀ pé páìpù nìkan ò tó. Àwọn páìpù olówó ńlá bíi ti Akrapovič, iléeṣẹ́ tí Igor Akrapovič, ẹni tóun náà ti sáré ìje rí, dá sílẹ̀ ní Slovenia lọ́dún 1990, titanium ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn kó lè fúyẹ́, wọ́n sì máa ń tún kọ̀ǹpútà tó ń pín epo ṣe kó lè bá páìpù tuntun náà mu. Ti ọlọ́kadà ò nílò kọ̀ǹpútà. Jet kékeré inú kábúrétọ̀ ni, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó fi díẹ̀ tóbi. Ẹni mélòó ló ń ṣe é?

Ẹ má sì rò pé ariwo nìkan ò ní iyì tiẹ̀ lọ́jà o. Lọ́dún 1994, Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà lọ forúkọ ìró ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pé kó di tàwọn nìkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ẹ̀ tajà. Àwọn iléeṣẹ́ yòókù gbé ọ̀rọ̀ náà takú, ẹjọ́ ọ̀hún sì fa títí tó fi di ọdún 2000 kí Harley tó jáwọ́. Ṣùgbọ́n ìró Harley, bí wọ́n ṣe to sílíńdà méjèèjì ẹ̀ ló ti wá. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gé sàláńsà Boxer tó máa fi dún bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́kadà fúnra ẹ̀ ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo náà. Ìlànà àwọn onímọ̀ nípa etí ni pé níbi tí ariwo bá ti tó 85 decibel, kéèyàn má lò ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Tó bá di 88, wákàtí 4. Tó bá di 91, wákàtí 2 péré. Ọlọ́kadà tó jáde nílé láago mẹ́fà àárọ̀, tó wọlé láago mẹ́jọ alẹ́, tí páìpù tí wọ́n là sì ń bú sí i létí lójoojúmọ́, ẹ ṣírò tiẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni etí ń lọ. Ìyàwó ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, nígbà tó bá ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn.

Èrò náà ń jẹ níbẹ̀. Irin kan wà tí iléeṣẹ́ fi bo ara páìpù kó má baà jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn wẹ́dà kì í sábà dá a padà tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ wọn. Ẹ wo ojúgun ọ̀tún àwọn obìnrin tó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ nínú síkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí àpá ẹ̀ níbẹ̀, roboto, bí owó ẹyọ.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, ọ̀nà tó lè fi mọ òótọ́ ò le. Kó ra epo jálá kan, kó gùn ún lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú èrò kan náà, kó ka iye kìlómítà tó bá dé kí epo tó tán. Kó yá sàláńsà tó pé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ń gun irú ọ̀kadà kan náà, kó dè é mọ́ ọn, kó tún gùn ún pẹ̀lú jálá kejì. Tí ti sàláńsà tó pé bá jìnnà ju ti gígé lọ, kó sáré padà lọ bá wẹ́dà ẹ̀, bóyá tọ̀hún ò tí ì ta ìdí tó gé yẹn fáwọn tó ń ra àlòkù irin.